Ohun Tó Ń Dín

Ilé Bàbá Orest kò ní nọ́ńbà lẹ́nu ọ̀nà,
títì ibẹ̀ kò lórúkọ.
Gúúsù Gravelbourg ni, láàárín oko àlìkámà tí yìnyín bò,
níbi tí ojú ń ríran lọ títí tí kò rí nǹkan kan.
Ó ka ibùgbé rẹ̀ fún mi lórí fóònù
bí ẹni ń ka owó lé àjèjì lọ́wọ́:
mẹ́rin, mẹ́sàn-án, pọ́ìntì, mẹ́jọ, méje.
Ó ní, “Kà á padà, nọ́ọ̀sì.”
Mo kà á padà. Ó ní ó pé.
Afẹ́fẹ́ ti jẹ nǹkan kan níbẹ̀,
àwa méjèèjì kò mọ̀.

Nínú mọ́tò mo bọ́ ìbọ̀wọ́ kan, mo tẹ̀ ẹ́ sẹ́rọ,
òtútù ń ta mí níka bí iná.
Mọ́kàndínláàádọ́ta.
Mẹ́rìndínláàádọ́fà.
Ẹ̀rọ náà rò ó, ó rò ó,
ó ní kò sí ọ̀nà.
Ó wá fi ibi tí mò ń lọ hàn mí:
Mòngólíà.

Mo rẹ́rìn-ín títí èémí mi fi bo dígí.
Èmi ọmọ Ìgbájọ,
tí ìyá mi fi pàṣán kọ́ ní márùndínlógún, mẹ́rìndínlógún,
àwa tí a kì í dé ogún láì kọ́kọ́ yá lọ́wọ́ rẹ̀,
èmi ni mo gbàgbé ohun tó ń dín!
Ilà kan ṣoṣo, tẹ́ẹ́rẹ́,
bí àbàjà tí olóolà bẹ̀rẹ̀ tí kò parí;
bí kò bá sí níwájú nọ́ńbà,
aláìsàn rẹ wà ní òdìkejì ayé.

Mo fi sí i. Ẹ̀rọ ní: ogójì ìṣẹ́jú.

Wọ́n ní inú omi ni òdo wà,
òdo àti òdo pàdé nínú òkun, nísàlẹ̀ Gáná,
kò jìnnà sí ọ̀dọ̀ wa rárá;
ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ka gbogbo ayé.
O gba ìlà oòrùn lọ, wọ́n á máa rò ó mọ́ ọ;
o gba ìwọ̀ oòrùn lọ, wọ́n á máa yọ ọ́ kúrò.
Ọdún kọkànlá mi rèé níhà ìyọkúrò.
Mo bímọ níbẹ̀. Mo rà ilé, mo ra ṣọ́bìrì yìnyín méjì.
Bí iye náà ti ń pọ̀ tó, ilà yẹn ò kúrò níwájú.
Àbí àròjù ni? Ọ̀nà tó tọ́ gbọọrọ a máa ṣe èèyàn bẹ́ẹ̀.

“O ti dé,” ni obìnrin inú ẹ̀rọ wí,
láàárín pápá funfun tí kò sí ilé, kò sí igi.
Lẹ́yìn náà ajá kan gbó.

Mo tú báńdéèjì. Egbò ti ń jiná láti etí.
Lára ògiri, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fóònù, nọ́ńbà wọ̀nyẹn wà,
pẹ́ńsù ló fi kọ ọ́, àfi ilà tó ń dín:
bírò pupa, ó nípọn bí ìka.
“Torí Halyna ni,” ó ní.
“Wákàtí méjì ni áńbúláǹsì fi wá wa lóru ọjọ́ náà.
Mò ń rí iná wọn láti ojú fèrèsé,
wọ́n ń lọ, wọ́n ń bọ̀.”
N kò sọ ti Mòngólíà fún un.

“Tiyín ńkọ́? Ìlú yín?”
Mo wá a lórí fóònù mi.
Méje pọ́ìntì mẹ́sàn-án. Mẹ́rin pọ́ìntì mẹ́jọ.
Ó dìde lórí ẹsẹ̀ tó ń dùn ún, ó kọ ọ́ sábẹ́ tirẹ̀,
ó sì fa ilà pupa síwájú mẹ́rin,
bó ṣe mọ́ ọn lára.
Mo ní kí n sọ̀rọ̀.
Báńdéèjì ṣì wà lọ́wọ́ mi.
Ó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun.