Àmì Ìsàlẹ̀

Ọmọ méjìlélọ́gọ́rin ni mò ń kọ́ ní kíláàsì kẹrin,
bẹ́ǹṣì mọ́kànlá, fèrèsé tí kò ní ìlẹ̀kùn.
Bí òjò bá ti ń ṣú bọ̀ lójú ọ̀sà
a ó ti gbé bẹ́ǹṣì sá sí kọ̀rọ̀ tí páànù rẹ̀ kò tíì lu.
Báyìí la ṣe ń kàwé l'Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tta:
ojú kan lára pátákó, ojú kan lókè.

Ọjọ́rú kan, ọkọ̀ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé dé láti Erékùṣù.
Mo ní wọ́n tún wá ya fọ́tò ni.
Àwọn tó wá ṣáájú ya fọ́tò,
wọ́n pín bísíkíìtì, wọ́n lọ.
Abọ́sẹ̀dé lorúkọ obìnrin tó sọ̀ kalẹ̀.
Àpótí igi mẹ́ta ló gbé sílẹ̀,
lẹ́tà òjé kún inú wọn fọ́fọ́ bí èkùrọ́,
láti ilé ìtẹ̀wé tó ti kógbá wọlé kí wọ́n tó bí mi.
Ó ní, "Ẹ fọwọ́ kàn án."
Ọwọ́! Àwọn tó kọ ọ́ sára ògiri wọn
pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan nǹkan.

Wàlíyù tí kì í lanu bí ìwé bá délẹ̀,
tí mo ti kọ ọ́ sínú rẹ́jísítà pé *kò lè ṣe é*,
mú ẹyọ kan, ó ń yí i,
ó ń fi àtàǹpàkò wá ìdí rẹ̀
bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà.
"Tíṣà, ẹsẹ̀ rẹ̀ dà?"

A tú àpótí kejì. A tú ẹ̀kẹta.
Kò sí ọ̀kan tó ní àmì nísàlẹ̀.
Ìwé olókòwò òyìnbó ni wọ́n fi ń tẹ̀ láyé ijọ́un,
ẹni tó rọ òjé náà kò ro ti ẹnu wa mọ́ ọn.
Ohun tí Wàlíyù fẹ́ kọ kò ju èyí lọ:
*Bàbá mi ń tún ọkọ̀ ojú irin ṣe.*
Ohun tó jáde: *oko ojú irin.*
Ẹ̀rín pa kíláàsì. Ta ló dáko sójú irin?

Ó fa ìṣó kan yọ lára bẹ́ǹṣì mi,
èyí tó ṣì dára nínú wọn,
ó ti orí ìṣó bọ tàdáwà,
ó kán an lábẹ́ ọ àkọ́kọ́, ó kán an lábẹ́ ìkejì.
Ọkọ̀ gbéra.

Orúkọ tirẹ̀ kò ní àmì ìsàlẹ̀ kankan.
Ó jókòó títí agogo fi lù
ó ń bá Rẹ̀mílẹ́kún kán tirẹ̀, ó ń bá Ọpẹ́,
bá Tọ́lání, bá èmi náà.

Mo ṣí rẹ́jísítà, mo pa ọ̀rọ̀ yẹn rẹ́.
Ìbànújẹ́ rẹ̀ kò tètè parẹ́ lára mi.

Páànù ṣì ń jò. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kì í kan páànù.
Lẹ́tà mẹ́fà ni mo ti kọ sí ìjọba ìbílẹ̀, ẹnu wọn ṣe wọ́ọ́.
Èyí keje, àwọn ọmọ ló tẹ̀ ẹ́,
àmì ìsàlẹ̀ pé pérépéré.
Abọ́sẹ̀dé fi ẹ̀dà kan kọ́ sára ògiri lọ́hùn-ún.
Ní Sátidé, bàbá Wàlíyù gba orí Afárá Kátà lọ wò ó,
gíríìsì lábẹ́ èékánná,
ó ní kí ọmọ òun kà á fún òun,
ó tún ní kó kà á.

Bẹ́ǹṣì mi ń mì látọjọ́ náà.
N kò tíì wá ìṣó mìíràn.