Aago Mẹ́tàdínlógún

Aago mẹ́tàdínlógún ló wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù mi ní Dùgbẹ̀,
kò sí èyí tó gbọ́ pé orí ń fọ́ mi.
Kẹ́-kẹ́-kẹ́ lápá ọ̀tún, kọ́-kọ́-kọ́ lápá òsì.
Èyí tó tóbi jù nínú wọn, ti ṣọ́ọ̀ṣì kan l'Ókè-Àdó,
ń kan ìṣó sí mi nípàkọ́ láìsinmi.

Lánàá, nílé ọtí Láníhùn l'Ókè-Bọ́là,
a fi ẹmu bẹ̀rẹ̀, a fi bíà lé e,
ẹnì kan (n kò ní dárúkọ Akínpẹ̀lú)
ra ògógóró kí ó fi sin bíà délé.
Láti àárọ̀, ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀pà kan ṣoṣo ló wà níkùn mi.
Mo mu ọtí títí ọtí fi mú mi.
Àmì òkè kan péré ló wà láàárín mu àti mú,
mo gorí rẹ̀ kọjá lóru, n kò mọ̀.

Orí mi, má bínú.
Ìwọ tí mo ń fi fìlà bò kí oòrùn má baà rí ọ,
èmi náà ni mo gbé ọ fún igò.
Ahọ́n mi dà bí àkísà tí mo fi ń nu epo aago.
Páànù ilé iwájú ń tàn, ó ń gún mi lójú:
páànù tó ti dípẹtà láti ayé bàbá mi,
ibo ló ti rí irú ìtànṣán yìí?

Àríyíkẹ́ gbé ògì gbígbóná kalẹ̀ fún mi kí ó tó jáde.
Kò bá mi sọ̀rọ̀. Ó ju ṣíbí sínú àwo,
ó ró gbaà.
Mo mọ̀ pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ni.

Ní aago mẹ́wàá, Bàbá Oyèníran dé,
ẹni tó fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ṣe gáàdì rélùwéè.
Ó wá gba aago àpò rẹ̀ tí mo ní yóò yá ní Ọjọ́bọ̀.
Àbámẹ́ta ni òní.
Mo ní, "Ẹ jókòó, bàbá, ó ku sùkúrúù kan péré."
Sùkúrúù náà kò ju ẹyin eèrà lọ.
Ọwọ́ mi gbọ̀n. Ó fò. Ó di àwátì.

Bàbá kò bú mi. Ó gbóòórùn mi lẹ́ẹ̀kan,
ó yọ igò omi nínú àpò ọ̀rá rẹ̀:
"Mu. Díẹ̀díẹ̀. Má gbé e mì bí ejò.
Láyé tiwa, bí a bá sùn mọ́jú l'Ọ́fà,
iyán la kọ́kọ́ fi ń di ìsàlẹ̀ ikùn.
Ife ẹmu kan, ife omi kan, à ń tò ó bíi wágùnù:
ẹrù, òfìfo, ẹrù, òfìfo.
Ọkọ̀ ojú irin kì í dúró de ẹni tí ọtí ṣì ń tì."

Mo bi í bóyá ife kékeré kan nínú ti àná
kò lè tún orí ṣe.
Ó rẹ́rìn-ín: "Gbèsè lo fẹ́ fi san gbèsè?"

Ó wá kúnlẹ̀, ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin,
ó fi irin òòfà wá sùkúrúù lábẹ́ tábìlì mi.
Ìtìjú yẹn dùn mí ju orí lọ.

Bóyá omi ni, bóyá ògì, bóyá ojú tó tì mí, n kò mọ̀.
Mo sùn díẹ̀ lórí àga. Mo tọ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin.
Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́,
kẹ́-kẹ́-kẹ́ ti padà di iṣẹ́ mi.

Ní Ọjọ́ Ẹtì tó tẹ̀ lé e, mo jẹ ẹ̀bà kí n tó jáde,
mo gbé igò omi dání lọ s'Ókè-Bọ́là.
Láníhùn bi mí bóyá mo ti di àlùfáà.
Mo ń to wágùnù mi lọ, n kò dá a lóhùn.

Àríyíkẹ́ bi mí lóru pé mélòó ni mo mu.
Mo ní méjì.
Mẹ́ta ni.
Aago ògiri yàrá wa, tó ti kú láti èṣín,
tí n kò tíì ráyè tún ṣe,
kò sọ nǹkan kan.