Ìṣẹ́jú Mẹ́jọ

Òjò ti dá ní Ìkẹ́rẹ́,
Olósunta ṣì ń kán bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sá.
Sinimá ti parí. Kò sẹ́ni tó fẹ́ relé.
Bẹ́ńṣì mọ́kànlá, igba náírà lórí ẹnìkan,
wọ́n wá wo apá kejì,
ìran tán, wọ́n jókòó, wọ́n ń bá ògiri jà.

"Wọ́n ti ba obìnrin yìí jẹ́!"
Fámúrewá ni, ẹni tí ń lẹ táyà ní Odò-Ọjà.
"Ní apá kìíní, Mọ́radéun nìkan ló wa ọkọ̀ irin kọjá òṣùpá,
òun ló fi ẹ̀wọ̀n iná di ẹnu òkùnkùn
tí ń jẹ ìràwọ̀ bí ẹní jẹ ẹ̀pà.
Lónìí ńkọ́? Ó jókòó sínú yàrá dígí, ó ń wo fèrèsé.
Ọmọkùnrin tí irùngbọ̀n rẹ̀ ò tíì hù ló ń wa ọkọ̀!"

Ìlésanmí nu awò ojú rẹ̀.
Tíṣà ni; kò sóhun tí kò nídìí lọ́dọ̀ rẹ̀.
"Jagunjagun náà a máa sinmi.
Ṣé ọwọ́ tó bá ti gbé àdá lẹ́ẹ̀kan
kò gbọdọ̀ gbé e sílẹ̀ mọ́ ni?
Ìbànújẹ́ ló ń bá jà nínú dígí yẹn. Ogun nìyẹn náà."

Bọ́sẹ̀dé ò jókòó rárá.
Ọ̀kadà ló ń gùn; kọ́kọ́rọ́ ń mì lọ́wọ́ rẹ̀.
"Mo kà á," ó ní.
"Ọ̀rọ̀ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.
Mẹ́fà nínú rẹ̀, orúkọ ọkọ.
Kò sí ọ̀kan ṣoṣo tó jẹ́ ọkọ̀."

Ilé pa rọ́rọ́.

Ìyá Ojúolápé, agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì,
tó sin ọmọ ọmọ rẹ̀ wá, ó wúkọ́.
"Bí mo bá jókòó ti aboyún, n kì í sọ̀rọ̀.
Ẹ ó ní mo ń sùn.
Ọwọ́ mi nìkan ló mohun tí mò ń ṣe nínú ulé ọ̀ún."
"Ìyá, tí wọ́n bá ya sinimá ọjọ́ náà, ta ni wọn óò yà?"
Ìyá ronú. "Ọmọ tuntun.
Àti bàbá rẹ̀, tí ń fò sókè lóde."
Ẹ̀rín sọ. Bọ́sẹ̀dé ò rẹ́rìn-ín.

Èmi náà ò rẹ́rìn-ín.
Èmi ni mo ni ẹ̀rọ, èmi ni mo ni rìmóòtù,
epo ò sì ju ìka kan lọ nínú jẹnẹrétọ̀.
Bí iná bá kú kí ìjà ìkẹyìn tó dé,
wọn óò gba igba náírà wọn.
Mo wo yàrá dígí, mo rí obìnrin tó dákẹ́,
mo ní, ibi tó ṣeé fò nìyí.
Mo tẹ̀ ẹ́.
Ìṣẹ́jú mẹ́jọ kọjá bí ẹ̀fọn létí.

Lóru, mo ra epo ìgò kan, mo dá nìkan wò ó.
Ìṣẹ́jú kìíní, ó dákẹ́. Ìkejì, ó dákẹ́.
Ní ìkẹta ó yọ òrùka,
ó fi ń gé dígí yíká, jẹ́jẹ́, bí ẹní ń bó ọsàn.
N kò ní sọ ìyókù.
Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọkùnrin yẹn ń gbéra ga níwájú gbogbo wa,
ó ti pẹ́ tí ọkọ̀ ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

Ilẹ̀ mọ́. Mo gbé kẹ́ẹ̀gì dúró sétí títì,
mo ń wá irọ́ tí mo lè pa.
Ṣé dísìkì ló há ni? Ṣé ẹ̀rọ ló gbóná?
Ọ̀kadà kan dúró. Bọ́sẹ̀dé ni.
"Ilé epo?"
"Ilé epo."
Mo gun ẹ̀yìn rẹ̀, mo di irin mú.
A ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ọ̀nà Adó kí ẹnu mi tó là:
"Bọ́sẹ̀dé, ọ̀rọ̀ tí o kà lánàá,
kò pé."
Kò wẹ̀yìn.
Ó kàn yí ọwọ́ ọ̀kadà,
atẹ́gùn sì gba fìlà mi lọ.