Ìṣẹ́jú Méje

Ìṣẹ́jú méje ni kọ̀ǹpútà mi máa ń fi jí.
Mo ti fi aago ògiri kà á,
nínú yàrá mi lókè ṣọ́ọ̀bù àwọn atẹ̀wé ní Ṣómólú.
Àmì róbótó kan á máa pòyì lójú rẹ̀,
á máa pòyì,
omi tíì mi á hó, á tutù.

Wọ́n ní ogbó ló dé. Wọ́n ní kòkòrò ti wọ̀ ọ́.
Gbàdébọ̀ ta mẹ́mórì tuntun fún mi lówó gọbọi,
ìṣẹ́jú méje kò yẹ̀.

Àfi ìgbà tí Mofiyìn ọmọ ìsàlẹ̀ dé,
tó ní, "Màmá, ẹ jẹ́ n yọ wáyà ráútà yìí ná."
Ó yọ ọ́. Ó tan kọ̀ǹpútà.
Kí n tó ní "họ́wù," ó ti lajú.
Ó dá wáyà padà: a tún jókòó, à ń wò ó.

Ó tú inú rẹ̀ wò dé ìdí.
"Ta ló ń jẹ́ Àkàngbé Yàrá Ẹ̀yìn?"

Ẹ̀rọ ọkọ mi ni.
Ibẹ̀ la ń kó fáìlì ìwé ìkésíni sí nígbà ayé rẹ̀.
Mo ti tà á fún ará Bàrígà kan, ọdún kẹta rèé.
Láràárọ̀ ni tèmi ṣì ń kan ilẹ̀kùn rẹ̀,
tó ń pè é lórúkọ,
tó ń dúró kó dáhùn.

"Ṣé kí n pa á rẹ́, Mà?"
Mo ní kó pa á rẹ́.

Láàárọ̀ yìí, ó ti jí kí n tó ṣáná sí sítóòfù.
Ìṣẹ́jú méje wá kù sí mi lọ́wọ́
bíi ṣéńjì tó lé.