Orúnkún Ìyá

Ọkọ mi ń wá ọkọ̀. Mo bá a lọ.
Lọ́nà Asà Dáàmù, eruku ọyẹ́ ti bo gbogbo gíláàsì;
Sáádù fi àkísà nu mẹ́ta kí a tó kí ara wa tán.

Jíìpù dúdú ni àkọ́kọ́.
Ó ga bí ẹṣin ọjọ́ Iléyá,
táyà rẹ̀ dé àyà Àfúsá.
Ọkọ rí ọkọ̀, ojú ọkọ tàn.
Ó gòkè, ó di sítíárì mú,
ó ń wo iwájú bí ẹni tí gbogbo Gáà-Akanbí ń kí.
Mi ò bá a wí. Ọdún mọ́kànlá ló fi wa Pirimérà,
okùn la fi ń so ilẹ̀kùn rẹ̀ kan,
ẹni tó bá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ okùn
ni yóò máa dì í mú dé Àjàṣẹ́.

Èkejì, Sáádù pè é ní kirọsóbà.
Àdán ni: kò ṣe eku, kò ṣe ẹyẹ,
àwọ̀ rẹ̀ bí ẹ̀fọ́ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa.
Epo tó ń mu kò tó nǹkan.
Èmi, mo fẹ́ ẹ. Mi ò ní purọ́.
Mo ti ń rí ara mi nínú rẹ̀ níwájú ilé-ìwé wa,
èmi nìkan, fèrèsé ní pípadé, atẹ́gùn tútù ń fẹ́ sí mi lọ́rùn.

Èmi nìkan kẹ̀?
Mo jókòó sórí táyà àlòkù kan, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka orí.
Èmi àti bàbá wọn.
Ṣẹ̀fíù, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gùn sí i lójoojúmọ́ bí igi ìbẹ́pẹ.
Àfúsá.
Bàràkátù, tí èébì máa ń gbé bí a bá ti ń kọjá Gánmọ̀.
Yàáyà ọmọ àbúrò mi, tó ní ọ̀sẹ̀ méjì lòun wá lò,
ó ti di ọdún mẹ́ta.
Mo ka mẹ́fà, mo dúró.
Ìyá wà ní Àrándùn, òun àti orúnkún rẹ̀.
Orúnkún yẹn tó èrò kan fúnra rẹ̀.

Oṣù tó kọjá, a yá jíìpù aládùúgbò
láti fi gbé Ìyá wá sí ọsibítù n'Ílọrin.
Ó fi ọwọ́ kan ilẹ̀kùn, ó gbójú sókè
bí ẹni tí kò ní ọ̀pá tó ń wo òróńbó lórí igi.
A gbé àpótí ìdáná wá. Mo fà á lọ́wọ́,
Ṣẹ̀fíù tì í nídìí. Gèlè rẹ̀ já bọ́ sí iyẹ̀pẹ̀.
A rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín.
Ṣùgbọ́n láti Àrándùn títí dé Àjàṣẹ́,
Ìyá tó mọ orúkọ gbogbo igi ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà
kò sọ gbólóhùn kan.

Siẹ́nà ló ṣẹ́kù, aláwọ̀ eérú,
èérún bisikíìtì ọmọ ọlọ́mọ ṣì wà lábẹ́ àga.
Ọkọ mi yínmú: "Ṣé èrò Gàráàjì Ọ̀fà ni mo fẹ́ máa kó?"
Ó tún ní ikùn rẹ̀ á máa họ ilẹ̀
nínú kòtò tó wà láàrin Òró sí Òmù-Àrán.
Òótọ́ ni. Mi ò jà á níyàn.
Sáádù tẹ bọ́tìnì kan.
Ilẹ̀kùn rọra yọ́ lọ sẹ́yìn
bí ọmọ tó rí àgbà lẹ́nu ọ̀nà, tó yà fún un.
Mo fi orúnkún ara mi wọn ibi àtẹ̀wọlé rẹ̀:
kò fi bẹ́ẹ̀ ga ju ìloro ilé Ìyá lọ.

Ọkọ mi dákẹ́. Ó padà lọ síbi jíìpù,
ó pa ilẹ̀kùn rẹ̀ dé jẹ́jẹ́, bí ẹni tí ọmọ ń sùn nílé rẹ̀.
Ó wá béèrè: "Jíà èyí ńkọ́?"

Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, Ìyá gbé ẹsẹ̀ kan,
ó gbé èkejì, ó jókòó.
Ó wo ilẹ̀kùn bó ṣe ń padà bọ̀ wá padé.
"Èyí," ó ní, "ta ló kọ́ ọ nílé?"

Ní Òró, jíìpù dúdú kan ya wá sílẹ̀.
Ọkọ mi fi ojú sìn ín títí ó fi wọ inú eruku.
Mi ò sọ nǹkan kan. Mo na omi sí i.