Àwọn Tó Wá Dán Eré Wa Wò

Ní Oulu, lóṣù Kejìlá, oòrùn a máa yọ bí àlejò tí kò fẹ́ jókòó:
á yọjú, á kí wa, á wọ bàtà rẹ̀ padà.
Àsìkò yẹn la ṣí ilẹ̀kùn iléeṣẹ́ wa kékeré,
lókè ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe,
a ní kí ará ìlú wá dán eré wa wò
ká tó gbé e jáde.

Èmi ni mo kọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀.
Ọdún mẹ́ta gbáko:
ọ̀rọ̀ ọba tí adé rẹ̀ di òkúta mọ́ ọn lórí,
ọ̀rọ̀ àjẹ́ tó ń ta iyọ̀ fáwọn òkú,
ọ̀rọ̀ atukọ̀ arúgbó kan létí odò
tó ń bi gbogbo ẹni tó bá fẹ́ sọdá pé,
"Ta lo fi sílẹ̀ nílé?"

Veikka ló kọ́kọ́ dé, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún,
yìnyín ṣì wà lórí fìlà rẹ̀.
Kò ka nǹkan kan.
Ọba ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, ó tẹ bọ́tìnnì,
ọba pa ẹnu dé.
Idà ló ń wá, idà tó mú ju ti àná lọ;
bó bá rí i tán, á tún wá èyí tó jù ú lọ.
Ó pa ìkookò igba ó lé mẹ́tàdínlógún
nítorí bàtà ẹyọ kan.
Mo ní, kí lo rí níbẹ̀?
Ó ní, "Nọ́ńbà ń gòkè."
Ó ní nọ́ńbà tòun kì í gòkè níléèwé.

Mo lọ po kọfí.

Tuulikki mú ìwé àkọsílẹ̀ wá, àti pẹ́ńsù mẹ́ta.
Ó fi oró ẹja pa orí ọ̀kọ̀,
ó gun ògiri kan tí a gbàgbé pé ó ṣeé gùn,
ó sì pa dírágónì láàárín ìṣẹ́jú àáyá mọ́kànlá.
Arto tó fi oṣù mẹ́jọ kọ́ dírágónì náà káwọ́ lérí.
Obìnrin náà ò tilẹ̀ rẹ́rìn-ín.
"Ẹ jẹ́ kó le," ó wí,
"ohun tó rọrùn pọ̀ níbi iṣẹ́ mi."

Jalmari, awakọ̀ bọ́ọ̀sì,
lo wákàtí méjì lórí imú.
Imú nìkan!
Ó fà á gùn, ó tẹ̀ ẹ́ rì, ó tún un fà.
Nígbà tó wá jáde sínú ayé wa níkẹyìn,
ó gba ilé èrò lọ tààrà, ó sì bi wá pé,
"Ọkùnrin tó ni ibí yìí, ṣé ó ṣeé fẹ́?"
A ní rárá, a ò kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.
Ó mí kanlẹ̀
bí ẹni tí wọ́n kọ̀ ní gbangba.

Raili ló dé kẹ́yìn, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin.
Ọmọ-ọmọ rẹ̀ ló forúkọ sílẹ̀, ibà mú ọmọ náà,
òun sì ni kò fẹ́ kí àyè náà ṣòfò.
Ó di ohun ìṣeré náà mú bí àwo ọbẹ̀ gbígbóná.
Ó ń rìn. Kò bá ẹnikẹ́ni jà.
Ó dé etí odò.
Atukọ̀ bi í léèrè.
Ìdáhùn mẹ́ta ni mo kọ síbẹ̀:
Kò sẹ́nì kankan. Ọ̀tá mi. Má bi mí.
Ó wò wọ́n títí.
"Tèmi ò sí níbẹ̀," ó wí.
Kò sọdá.
Ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ náà títí ilẹ̀ fi ṣú nínú eré,
ó jókòó títí ilẹ̀ fi mọ́,
nítorí oòrùn tiwa a máa yọ dáadáa.

Ọ̀gá ní kí n kọ ohun tí wọ́n ń fẹ́
sórí ìwé kan péré.
Ọ̀nà kan ò wọjà lóòótọ́,
àmọ́ ta ló sọ pé gbogbo ẹni tó wọjà ló fẹ́ ra nǹkan?

Lóru, mo ṣí ọ̀rọ̀ atukọ̀ náà,
mo fi ìdáhùn kẹrin kún un:
àyè òfìfo,
kí oníkálukú kọ tirẹ̀.
Veikka á tẹ bọ́tìnnì, á fò ó kọjá.
Kò burú.
Àwọn ìkookò rẹ̀ ń retí.