Ohun Tí N Kò Kọ Sínú Ìwé Ìpàdé

Aago márùn-ún ni ìwé ìpè wí.
Aago márùn-ún lù, èmi àti ogún àga la jọ wà níbẹ̀,
nínú kíláàsì kan lẹ́yìn Òkè-Balógun, ní Ẹ̀pẹ́,
tí afẹ́fẹ́ ọ̀sà ń gba ojú fèrèsé wọlé
tòun ti òórùn ẹja yíyan.

Alága dé, Ìyáàfin Ọ̀ṣínúbi, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.
Agogo ẹgbẹ́ ti sọnù láti ọjọ́ ìkómọ kan,
ṣíbí ló fi lu ìgò míńírà: kó, kó, kó.
Àwa mẹ́rin dìde, a kọ orin ẹgbẹ́.
Ẹnu mẹ́rin, orin mẹ́rin.

Mo kọ ọ́ pé: a ka àkọsílẹ̀ ọ̀sẹ̀ tó kọjá, a sì fọwọ́ sí i.
N kò kọ ọ́ pé Kápútéènì Láṣebìkan ti sùn lọ láti ojú ìwé kìíní.
Ọgbọ̀n ọdún ló fi wa ọkọ̀ ojú omi lọ sí Ẹ̀jìnrìn,
nígbà tí mo bèèrè pé ta ni yóò kín in lẹ́yìn,
ó ta gìrì, ó ní,
"Ẹ rọra sọ̀! Ẹ mú ẹrù yín! A ti gúnlẹ̀!"

Ìkéde.
Awò ojú ọ̀fẹ́ fún àwọn àgbàlagbà, ní Sátidé, ní Ìta-Ọ̀pọ̀.
Nọ́ọ̀sì Rámọ́tà fi ọ̀kan sójú kí a lè rí i,
ó wo Jìnádù látòkè délẹ̀, ó dákẹ́ díẹ̀.
"Háà. Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń rò pé arẹwà ni ọ́."
Tíṣà Òdúnúga, agbowó ìtanràn, ti gbé agolo mílíìkì rẹ̀ dé:
igba náírà lọ́wọ́ Nọ́ọ̀sì, fún àṣírí tó tú,
igba náírà lọ́wọ́ Jìnádù,
tó mọ̀ tí kò sọ.
Fóònù Múfútáù sì ké bí ewúrẹ́ nínú àpò,
kò tíì pa á tó fi sanwó.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ omi.
Èkó-Ẹ̀pẹ́ ní ọ̀dọ̀ àwọn ni kí wọ́n gbẹ́ ẹ sí.
Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́ ní láéláé.
Wọ́n fa ọ̀rọ̀ baba ńlá yọ, wọ́n fa ti ọkọ̀ àti àjẹ̀ yọ,
wọ́n dé orí ẹni tó kọ́kọ́ sọ ìdákọ̀ró sódò,
bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó wà níbẹ̀ nínú wa.
Ibẹ̀ ni òjò ti bẹ̀rẹ̀.
Páànù jò lápá ibi tí Èkó jókòó,
ó jò lápá Ìjẹ̀bú,
gbogbo wa kó àga wa jọ sí igun kan ṣoṣo tó gbẹ,
orúnkún kan orúnkún.
Kápútéènì la ojú kan: "Omi náà rèé. Ẹ máa jà sí i."
Mo kọ ọ́ pé: a sún ọ̀rọ̀ náà síwájú.

Ìkéde tó kẹ́yìn:
ẹni tó yá bárò ẹgbẹ́ láti oṣù Èrèlé, ẹgbẹ́ ń kí i o.
Gbogbo wa gbójú sókè, à ń wo àjà.
Èmi náà wò ó,
mo tiẹ̀ mi orí bí ẹni tí ọ̀rọ̀ dùn.

Ó wà lẹ́yìnkùlé mi.
Mo kún un ní ilẹ̀ dúdú, mo gbin tẹ̀tẹ̀ sí i,
ewé rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fẹ̀ ni.
Ẹ fún mi ní ọ̀sẹ̀ méjì sí i.